Àgùàlà Kì í Ṣe Ajá Oṣù: Ìtàn Bí A Ṣe Wá Mọ Ìtóbi Àwọn Òṣùpá àti Pílánẹ́ẹ̀tì

Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí oṣù tuntun yọ ní ìwọ̀-oòrùn, ìràwọ̀ ńlá kan a máa tàn yanran nítòsí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àgùàlà ni àwọn baba wa ń pè é. Àwọn náà ló ń pa á lówe pé àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Ẹni tó bá fetí sí òwe náà dáadáa yóò rí i pé kò sọ pé ajá oṣù ni àgùàlà. Ohun tó sọ ni pé àwọn ènìyàn ṣe bí bẹ́ẹ̀ ni. Àṣìṣe ojú ni òwe náà ń tọ́ka sí.

Lóde òní a mọ bí àṣìṣe náà ti pọ̀ tó. Àgùàlà ni pílánẹ́ẹ̀tì tí àwọn ìwé Faransé wa ń pè ní Vénus. Ìbú rẹ̀, ìyẹn láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ẹ̀gbẹ́ kejì gba àárín gbùngbùn, jẹ́ 12,104 kìlómítà. Ti òṣùpá kò ju nǹkan bí 3,475 lọ. Bí a bá to òṣùpá mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọn kò ní tó ìbú àgùàlà kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n nígbà tí àgùàlà bá sún mọ́ wa jù lọ pàápàá, ó ṣì jìnnà sí wa ní nǹkan bí ìlọ́po 100 ọ̀nà tó wà láàrin àwa àti òṣùpá. Jíjìnnà ló sọ ọ̀gá di ajá.

Mo fi òwe yìí ṣáájú nítorí àṣìṣe kan tí èmi fúnra mi ṣe nínú kíláàsì. Olùkọ́ ìtàn àti ìmọ̀ ilẹ̀ ayé ni mí. Nígbà tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa Ayé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń yí oòrùn po, mo kọ ọ́ sójú pátákó pé gbogbo pílánẹ́ẹ̀tì ló tóbi ju gbogbo òṣùpá lọ. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan nawọ́. Ó ní: « Ẹ jọ̀ọ́, Olùkọ́, mo kà á pé Ganymède, tó ń yí Jupiter po, tóbi ju Mercure lọ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí a kò pe Ganymède ní pílánẹ́ẹ̀tì? » N kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tí mo rí kó jọ ni mo gbé ka iwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa yìí, nítorí mo ti rí i pé ìbéèrè ọmọ náà jẹ́ ìbéèrè ìtàn ju ìbéèrè ìṣirò lọ.

Kí awò tó dé

Àwọn ará Gíríìkì ìgbàanì ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ kì í kúrò ní ipò tí wọ́n wà sí ara wọn, ṣùgbọ́n pé àwọn ìmọ́lẹ̀ méje kan ń rìn kiri láàrin wọn. Wọ́n pe àwọn wọ̀nyí ní alárìnkiri, ọ̀rọ̀ tí Faransé wá sọ di planète. Àwọn méje náà ni oòrùn, òṣùpá, Mercure, Vénus, Mars, Jupiter àti Saturne. Ayé kò sí nínú wọn, nítorí wọ́n gbà pé Ayé dúró sójú kan ni. Nítorí náà, òṣùpá wa ti jẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì rí, oòrùn pàápàá sì ti jẹ́ ẹ. Kò sí ẹni tó ń ro ti ìtóbi nínú orúkọ náà. Ìrìn nìkan ni wọ́n wò.

Síbẹ̀, àwọn kan gbìyànjú láti wọn òṣùpá. Ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Jésù, Aristarque ará Samos wo òṣùpá nígbà tí òjìji Ayé ń bò ó. Ó fi ìbú òjìji náà wé ìbú òṣùpá, ó sì ṣírò pé ìbú òṣùpá tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti Ayé. Òtítọ́ rẹ̀ ni pé ó lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin. Fún ẹni tí kò ní ohun èlò kan ju ojú rẹ̀ àti làákàyè rẹ̀ lọ, iṣẹ́ ńlá ni.

Nígbà tí ìwé Copernic jáde ní ọdún 1543, ètò náà yí padà. Oòrùn gba àárín, Ayé di pílánẹ́ẹ̀tì, òṣùpá sì di ọmọlẹ́yìn Ayé. Òun nìkan ni ọmọlẹ́yìn tí a mọ̀ nígbà náà, kò sì ní ẹlẹgbẹ́ tí a lè fi wé e.

Nígbà tí a pe òṣùpá ní pílánẹ́ẹ̀tì

Ní ọjọ́ keje oṣù kìn-ín-ní ọdún 1610, ní ìlú Padoue ní ilẹ̀ Ítálì, Galilée kọjú awò-awọ̀nàjíjìn rẹ̀ sí Jupiter. Ó rí ìràwọ̀ kéékèèké mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ti di mẹ́rin. Wọ́n ń pààrọ̀ ipò lálaalẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò fi Jupiter sílẹ̀. Àwọn ni a ń pè lónìí ní Io, Europe, Ganymède àti Callisto. Ní ojú ìwé àkọ́kọ́ ìwé tí Galilée tẹ̀ jáde lọ́dún náà, pílánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ló pè wọ́n. Ọdún kan lẹ́yìn náà, Kepler lo ọ̀rọ̀ Látìnì mìíràn fún wọn, satellite, tó túmọ̀ sí ẹ̀ṣọ́ tó ń tẹ̀lé ọlọ́lá káàkiri.

Ọ̀rọ̀ tuntun yìí kò tètè borí ti àtijọ́. Ní ọdún 1655, Huygens, ọmọ ilẹ̀ Hólándì, rí Titan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Saturne. Ní ọdún 1669, Cassini wá sí Paris ní ìpè ọba Louis XIV. Níbẹ̀ ló ti rí Japet ní 1671 àti Rhéa ní 1672. Nígbà tí ó kéde wọn lédè Faransé ní 1673, ó pè wọ́n ní pílánẹ́ẹ̀tì tuntun méjì tó ń yí Saturne po. Òṣùpá ni àwa ń pè wọ́n. Cassini kò ṣàṣìṣe. Bí wọ́n ti ń sọ ọ́ nígbà ayé rẹ̀ ló ṣe sọ ọ́.

Ìmọ́lẹ̀ kì í ṣe òdiwọ̀n

Rírí nǹkan lọ́run yàtọ̀ sí mímọ bí ó ti tóbi tó. Ohun tó ń tàn lè máa tàn nítorí pé ó tóbi, ó sì lè máa tàn nítorí pé ara rẹ̀ funfun. Bí a bá sá aṣọ àlà kékeré kan àti aṣọ ẹ̀tù ńlá kan sí òkèèrè lábẹ́ òṣùpá, àlà lojú yóò kọ́kọ́ rí. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò ní àlà ló tóbi jù. Àṣìṣe yìí gan-an ló ń bá àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ jà fún nǹkan bí igba ọdún.

Ẹ wo Cérès. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1801, Piazzi rí i láti Palerme, láàrin Mars àti Jupiter. Inú ayé dùn pé pílánẹ́ẹ̀tì tuntun dé. Wọ́n rí Pallas ní 1802, Junon ní 1804, Vesta ní 1807, wọ́n sì ka gbogbo wọn mọ́ pílánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n William Herschel, ẹni tó rí Uranus ní 1781, kíyè sí i pé wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀ tí awò rẹ̀ fi ń fi wọ́n hàn bí ìràwọ̀ lásán. Ó pè wọ́n ní astéroïde, ìyẹn ohun tó jọ ìràwọ̀. Láti 1845 lọ, irú wọn ń yọ lọ́tùn-ún lósì, wọ́n sì pọ̀ débi pé wọ́n yọ Cérès àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kúrò nínú orúkọ pílánẹ́ẹ̀tì. Lónìí a mọ̀ pé ìbú Cérès jẹ́ nǹkan bí 940 kìlómítà. Ẹni tó bá wakọ̀ láti Kútọnù dé Malanville ti rin nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀. Ẹ fi Cérès sọ́kàn, nítorí àwọn tó ń sunkún Pluton kì í sábà rántí pé ẹlòmíràn ti pàdánù oyè ṣáájú rẹ̀.

Àwọn òṣùpá pàápàá tan àwọn onímọ̀ jẹ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ìwé sọ pé Titan ni òṣùpá tó tóbi jù lọ. Àwọn kan kà á sí nǹkan bí 5,800 kìlómítà. Ohun tí wọ́n ń wọ̀n kì í ṣe ilẹ̀ Titan nìkan, àti ìkuukùu tó nípọn tó bò ó ni. Nínú oṣù kọkànlá ọdún 1980, ọkọ̀ òfurufú Voyager 1 kọjá nítòsí rẹ̀, ó sì fi ìgbì rédíò la ìkuukùu náà já. Ìbú Titan jẹ́ nǹkan bí 5,150 kìlómítà. Ganymède, tó jẹ́ 5,268, gba ipò kìn-ín-ní, kò sì tíì fi í sílẹ̀. Ohun kan náà ṣẹlẹ̀ sí Triton, òṣùpá Neptune, tí Lassell rí ní 1846, ọjọ́ mẹ́tàdínlógún péré lẹ́yìn tí Galle fi ìṣirò Le Verrier rí Neptune. Triton ń tàn púpọ̀, wọ́n sì rò pé ó tóbi gan-an. Nígbà tí Voyager 2 dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nínú oṣù kẹjọ ọdún 1989, a rí i pé yìnyín funfun ló bò ó, àti pé ìbú rẹ̀ kò ju nǹkan bí 2,700 kìlómítà lọ.

Pluton tó ń dín kù

Ìtàn tó gbèrò jù lọ ni ti Pluton. Percival Lowell, ọmọ Amẹ́ríkà, gbà pé pílánẹ́ẹ̀tì ńlá kan wà lẹ́yìn Neptune tó ń fa Uranus kúrò lọ́nà. Ó kú ní 1916 láìrí i. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kejì ọdún 1930, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Clyde Tombaugh rí Pluton nínú àwòrán tí wọ́n yà ní ilé-ìwòràwọ̀ tí Lowell dá sílẹ̀ ní Arizona. Nítorí pé ohun ńlá ni wọ́n ń wá, ohun ńlá ni wọ́n gbà pé wọ́n rí. Wọ́n fi Pluton ṣe pílánẹ́ẹ̀tì kẹsàn-án, àwọn kan sì rò pé ó lè wúwo tó Ayé.

Láti ìgbà náà ni Pluton ti ń dín kù lọ́wọ́ àwọn tó ń wọ̀n ọ́n. Ní 1976, wọ́n rí àmì yìnyín mẹ́tánì lára rẹ̀. Yìnyín a máa tàn. Ohun tó ń tàn bẹ́ẹ̀ kò nílò kí ó tóbi kí a tó rí i. Ní 1978, James Christy rí i pé òṣùpá kan, Charon, ń yí Pluton po. Ìwọ̀n wà lọ́wọ́ wa wàyí. Ohun tó bá ní òṣùpá ṣeé wọ̀n, nítorí bí òṣùpá ti ń yára tó lọ́nà àyípo rẹ̀ ni a fi ń mọ bí òòfà ẹni tó ń yí po ti lágbára tó. Ìṣirò fi hàn pé Pluton kò tó ìdá kan nínú 400 ìwúwo Ayé. Òṣùpá tiwa wúwo jù ú lọ ní ìlọ́po márùn-ún àti ààbọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ New Horizons kọjá lọ́dọ̀ Pluton ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù keje ọdún 2015, ó fìdí ìbú rẹ̀ múlẹ̀: nǹkan bí 2,377 kìlómítà. Òṣùpá méje ló jù ú lọ: Ganymède, Titan, Callisto, Io, òṣùpá wa, Europe àti Triton.

Ìpinnu Prague

Ní oṣù keje ọdún 2005, Mike Brown àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé àwọn ti rí ohun kan lẹ́yìn Pluton tó dà bí ẹni pé ó jù ú lọ. Éris ni wọ́n sọ ọ́ nígbẹ̀yìn. Bí Pluton bá jẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì, Éris náà ni. Bí Éris kò bá jẹ́ ẹ, kí ni ti Pluton? Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹjọ ọdún 2006, Ẹgbẹ́ Àgbáyé àwọn Onímọ̀ Ìràwọ̀, tí Faransé ń pè ní Union astronomique internationale, dìbò lórí ọ̀rọ̀ náà ní ìlú Prague.

Ohun mẹ́ta ni wọ́n ní kí a fi mọ pílánẹ́ẹ̀tì nínú ìdílé oòrùn wa. Àkọ́kọ́, kí ó máa yí oòrùn po. Èkejì, kí ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí òòfà ara rẹ̀ yóò fi sọ ọ́ di rogodo. Ẹ̀kẹta, kí ó ti gbá ọ̀nà àyípo rẹ̀ mọ́, tí ohun mìíràn tó tó o kò fi bá a du ọ̀nà náà. Ohun tó bá ní méjì àkọ́kọ́ láìní ẹ̀kẹta, tí kì í sì í ṣe òṣùpá, wọ́n pè é ní pílánẹ́ẹ̀tì aràrá, planète naine lédè Faransé. Pílánẹ́ẹ̀tì wá ku mẹ́jọ. Pluton, Éris àti Cérès di aràrá. Makémaké àti Hauméa bá wọn ní 2008. Gbogbo onímọ̀ kọ́ ló gbà. Alan Stern, tó darí iṣẹ́ New Horizons, ṣì ń jiyàn pé pílánẹ́ẹ̀tì ni Pluton.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ìtóbi tó dá àríyànjiyàn yìí sílẹ̀ kò sí nínú òfin náà rárá. Kò sí iye kìlómítà kan níbẹ̀. Ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí nígbà tí wọ́n wọn Éris dáadáa ní 2010, bí ó ti kọjá níwájú ìràwọ̀ kan, nǹkan bí 2,326 kìlómítà ni wọ́n rí. Pluton fi díẹ̀ jù ú lọ ní ìbú, ṣùgbọ́n Éris wúwo ju Pluton lọ ní ohun tó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin.

Ìbú ọ̀tọ̀, ìwúwo ọ̀tọ̀

Èyí ló gbé wa padà sí ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ìbú Mercure jẹ́ 4,879 kìlómítà. Ganymède àti Titan jù ú lọ. Callisto, pẹ̀lú 4,821, fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba. Ọmọ náà gba òtítọ́ mú, èmi ni mo ṣì. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé Mercure àti Ganymède ka orí òṣùwọ̀n, Mercure yóò wúwo ju Ganymède lọ ní ìlọ́po méjì ó lé díẹ̀. Irin ló pọ̀ jù nínú Mercure. Yìnyín àti òkúta ni Ganymède. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ìwúwo náà kọ́ ló sì dá ọ̀rọ̀ náà. Bí Ganymède bá wúwo ju Mercure lọ pàápàá, òṣùpá ni yóò ṣì jẹ́, nítorí Jupiter ló ń yí po. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣòro fún wa láti mọ̀. Ní ilẹ̀ wa, a kì í fi iye ilé mọ ìlú aládé. Abúlé kan lè kún ju ìlú aládé mìíràn lọ, síbẹ̀ baálẹ̀ rẹ̀ yóò máa lọ wárí lọ́dọ̀ ọba tó ni ilẹ̀. Ganymède ni abúlé ńlá náà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jupiter, tí ìbú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 140,000 kìlómítà, kò tó ìdá kan nínú márùndínlọ́gbọ̀n.

Òṣùpá mìíràn sì wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá olúwa rẹ̀ jókòó pọ̀. Ìbú Charon jẹ́ nǹkan bí 1,212 kìlómítà, ó lé díẹ̀ ní ìdajì ti Pluton. Ojú kan tí àwọn méjèèjì ń yí po wà ní òfo tó wà láàrin wọn, kì í ṣe nínú Pluton. Ní òdìkejì, Phobos àti Déimos, òṣùpá Mars tí Asaph Hall rí ní 1877, kò ju nǹkan bí kìlómítà 22 àti 12 lọ. Orúkọ kan náà ni Déimos àti Ganymède ń jẹ́. Nítorí náà, òṣùpá kì í ṣe orúkọ ìtóbi. Orúkọ ẹni tí a ń tẹ̀lé ni.

Ohun tó kàn wá níbẹ̀

Nínú ọ̀pọ̀ àpótí ìwé ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa, àwọn ìwé tó ka pílánẹ́ẹ̀tì sí mẹ́sàn-án ṣì wà. Àwọn ìwé náà kò purọ́. Ohun tí a mọ̀ nígbà tí wọ́n tẹ̀ wọ́n ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tó bá kọ́ ọmọ ní iye láìkọ́ ọ ní ìtàn iye náà ti fi ọmọ sílẹ̀ láìní ohun tí yóò fi dáàbò bo ara rẹ̀ nígbà tí iye bá yí padà. Ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò rò pé wọ́n tan òun jẹ ni, yóò sì di ẹni tí kò gba ìwé kankan gbọ́ mọ́. Ìyẹn burú ju kí ó máa ka pílánẹ́ẹ̀tì sí mẹ́sàn-án lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kan ẹgbẹ́ wa pẹ̀lú, àwa tí a ń fẹ́ kí èdè Yorùbá lè sọ ohun tí Faransé ń sọ. Bí a bá ń wá ọ̀rọ̀ fún àwọn nǹkan wọ̀nyí, kí a má ṣe fi ìtóbi nìkan pín wọn. Òwe àgùàlà ti kìlọ̀ fún wa kí awò kankan tó dé ilẹ̀ wa.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ tí mo tọrọ pé, mo padà sínú kíláàsì. Mo kọ gbólóhùn àná sójú pátákó bí mo ti kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, mo sì fún akẹ́kọ̀ọ́bìnrin náà ní ẹfun pé kí ó tún un ṣe fúnra rẹ̀. Ó pa á rẹ́, ó kọ ọ́ pé: « Òṣùpá ń yí pílánẹ́ẹ̀tì po, òmíràn kéré, òmíràn tóbi. » Gbogbo kíláàsì dà á kọ. Èmi náà dà á kọ sínú ìwé ìgbáradì mi.